Ìbéèrè Òǹkàwé: Pendulum kan náà, g ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà wa. SS3 ni mo wà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣe practical pendulum (bọ́ọ̀lù tí a fi òwú so rọ̀ tó ń fì lọ fì bọ̀) nínú físíìsì, ohun èlò kan náà la sì lò. g tèmi (bí ilẹ̀ ṣe ń mú ohun tó ń jábọ́ yára sí i, tó yẹ kó jẹ́ nǹkan bí 9.8 m/s²) jẹ́ 39, tirẹ̀ jẹ́ 10.9. Tíṣà ní méjèèjì kò dáa. Níbo la ti ṣì í? (Akẹ́kọ̀ọ́, Bódìjà, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Kíkà ló bà á jẹ́, òwú kọ́, bọ́ọ̀lù kọ́. Wo 39 yẹn dáadáa: ìlọ́po mẹ́rin 9.8 ni. O ka àlọ ní ọ̀kan, o tún ka àbọ̀ ní ọ̀kan. Àlọ pẹ̀lú àbọ̀ ni fífì kan. Nígbà tí o pe 20, 10 péré ni bọ́ọ̀lù fì. T, ìyẹn àkókò fífì kan, di ìdajì, T² di ìdá kan nínú mẹ́rin, bí T² sì ṣe ń kéré ni g ń pọ̀, g bá fò sókè.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ yàtọ̀. Bó ṣe ń tẹ stopwatch ló ti pe “ọ̀kan”. “Òdo” ló yẹ kó pè. Fífì 19 ló wọn tó pè ní 20, ìyẹn nìkan sì tó láti gbé 9.8 dé 10.9.

Kí ẹ tó kúrò nídìí tábìlì, ẹ yẹ ara yín wò: bí gígùn bá jẹ́ 100 cm, fífì 20 máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 40, bó bá jẹ́ 50 cm, nǹkan bí 28.4. Ẹ fi píìnì sàmì sí ẹ̀yìn ibi tí òwú máa ń dúró sí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa kà, nítorí bọ́ọ̀lù ń sáré níbẹ̀. Ní ìpẹ̀kun, ó máa ń fà díẹ̀, ojú kò sì mọ ìgbà tó yí padà. Àmọ́ ìgbà tó bá ń kọjá sí apá kan ṣoṣo ni kí ẹ kà o! Kí igun tí ẹ fa òwú sí kúrò ní ibi tó máa ń dúró sí má ju 10° lọ. Ẹ pa fáànù láti súwíìṣì, torí iná lè dé láàárín kíkà.

Gígùn ńkọ́? Láti ẹnu kọ́ọ̀kì (ìdérí tí a là sí méjì láti fi há òwú lókè) dé àárín bọ́ọ̀lù ni. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n dé orí bọ́ọ̀lù nìkan, slope (bí ìlà ṣe dagun) lórí gíráàfù T² sí gígùn kò ní yí padà, ìlà ni kò ní gba (0,0) kọjá. Ẹni tó bá wá fipá tẹ ìlà náà gba ibẹ̀ ló ń ba g jẹ́. Pẹ̀lú mítà, slope yẹ kó sún mọ́ 4.03, g jẹ́ 4π² tí a fi slope pín.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Mọ́níyà. Bọ́ọ̀lù méjì péré la ní, kọ́ọ̀kì sì ti tán. Kí la lè fi rọ́pò wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá, ọ̀gá. Nọ́ọ̀tì irin kékeré tó wúwo, ti ọ̀dọ̀ mẹ́kánííkì, dára ju òkúta lọ, torí àárín òkúta ṣòroó mọ̀. Ẹ so òwú gba inú ihò nọ́ọ̀tì, kí ẹ sì wọn gígùn dé àárín ihò náà. Fún kọ́ọ̀kì, ẹ gé rúlà onígi tó ti ṣẹ́ sí méjì, kí ẹ fi há òwú kí ẹ tó di í mọ́ ẹnu retort stand (irin ìdúró tó gbé pendulum). Bí ẹ bá kàn wé òwú mọ́ irin, gígùn á máa yí padà bó ṣe ń fì. Òwú aránṣọ ni kí ẹ lò, kó gùn tó 120 cm. Òwú wúùlù máa ń nà.