Ṣé Ọ̀kan Náà Ni Àáró àti Sóṣálísíìmù?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Bí àwa ọmọ Yorùbá bá parí ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Kubwa lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́ngógó oúnjẹ kì í tán lẹ́nu wa. Àwọn kan ní kí ìjọba gba àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, kí ó sì fi òfin de iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ, ìyẹn ètò tí wọ́n ń pè ní sóṣálísíìmù, nítorí pé àwọn bàbá wa náà ṣe àáró, wọ́n sì dá èésú. Kí ni èrò tiyín? — Òǹkàwé yín, Kubwa, Àbújá.

ÌDÁHÙN: Ẹni tó bá ń gbọ́ bùkátà ilé ní Àbújá lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kò ní dá àwọn ọ̀rẹ́ yín lẹ́bi pé inú ń bí wọn. Síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ tọ̀ kò lè bọ́ wa yó.

Nínú àáró, bí mo bá bá yín kọ ebè lónìí, ẹ ó wá sí oko mi lọ́la. Ojú mọ ojú, bí ẹnìkan bá sì ń ṣe ìmẹ́lẹ́, a ó yọ ọ́ kúrò. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Julius Nyerere, ààrẹ àkọ́kọ́ ti Tàǹsáníà, tí mo gbà pé ó fẹ́ràn àwọn ènìyàn rẹ̀ dénú, rò ó bí àwọn ọ̀rẹ́ yín ti rò ó: Ujamaa, ìyẹn àjọṣe ẹbí, ni orúkọ ètò tí ó gbé kalẹ̀ nínú ìkéde Arusha lọ́dún 1967. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kò yára kó wá sí abúlé àjùmọ̀ní tinútinú, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi tipátipá kó wọn láti ọdún 1973, wọ́n sì dáná sun ilé àwọn mìíràn kí wọ́n má baà padà síbẹ̀. Ọ̀dá wà lára ohun tó fa àìtó oúnjẹ tó tẹ̀ lé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ tó mọ̀ bí ẹní mowó kò lè kórè bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ní ti fífi òfin de iye ọjà, ẹ rántí ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná débi pé ìjọba ibẹ̀ kéde ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì. Ní ọjà Wuse, ìyá aláta tó máa ń to tòmátì gègèrè sínú abọ́ rọ́bà wá ń to mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń fi tàtàṣé àti tòmátì alágolo dí i. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún wọn. Owó tó gbé lórí ló ròyìn fún wọn pé ọjà ti ṣọ̀wọ́n, òun kan náà ló sì ń pe oníṣòwò tó wà níbi tí kòkòrò kò dé pé kí ó di ẹrù wá. Ká ní òfin dè é mọ́lẹ̀ ni, ta ni ìbá san owó mọ́tò láti ọ̀nà jíjìn? Friedrich Hayek, onímọ̀ nípa ọrọ̀ ajé, ti ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1945 pé ìmọ̀ wà káàkiri lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì sí ọ́fíìsì kan tó lè kó gbogbo rẹ̀ jọ. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tiwa náà mọ̀ ọ́n lára, nítorí pé títí wọ́n fi tú bọ́ọ̀dù tó ń ra kòkó ká lọ́dún 1986, ìjọba ló ń dá iye lé ọjà wọn.

N kò ní kí ìjọba káwọ́ gbera. Ààbò, ilé ẹjọ́ tó ń tètè dájọ́ àti ọ̀nà tó dára jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an. Awakọ̀ tó ń gbé tòmátì bọ̀ láti Kàdúná ń bẹ̀rù ajínigbé, ó sì ń san owó fún àwọn tó dá a dúró lójú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú owó tí ẹ ń san lọ́jà. Bí ẹ bá tún pàdé lọ́jọ́ Àìkú, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ bá aṣòfin yín: kí wọ́n ṣọ́ ọ̀nà náà, kí wọ́n sì lé àwọn agbowó àìtọ́ kúrò lórí rẹ̀.