Kí ni ìtumọ̀ ecchymosis, níbo sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá?

Ecchymosis ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pe àmì tó máa ń hàn lára nígbà tí òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín bá já, tí ẹ̀jẹ̀ sì dà sábẹ́ awọ láìjẹ́ pé awọ náà ya. Láti inú èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: ek túmọ̀ sí «síta», khymos sì túmọ̀ sí «oje», èyí tó fi hàn pé oje ara ti tú kúrò ní àyè rẹ̀. Ọ̀rúndún 16 ló wọ inú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Èyí tó bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ ni wọ́n sábà máa ń pè ní ecchymosis, nígbà tí àwọn tó rí tó-tò-tó bí orí abẹ́rẹ́ ń jẹ́ petechiae. Bí ara bá ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ náà ká, àwọ̀ rẹ̀ lè yí láti àwọ̀ àlùkò sí àwọ̀ ewé, kí ó tó pọ́n bí ìyeyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyípadà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára aláwọ̀ dúdú. Kò sì pọn dandan kí nǹkan gbá ènìyàn kí ó tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú bíi warfarin, lè fà á.