A ti kun ògiri lẹ́ẹ̀mejì, ebu yẹn tún padà wá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yìn wọ́dúróòbù nínú yàrá témi àtàwọn ọmọ ń sùn ti dúdú fún ebu, a ti kun ún lọ́dà lẹ́ẹ̀mejì, kì í pẹ́ tó fi ń yọ padà. Aṣọ ń rùn, gíláàsì wíńdò máa ń laagun láàárọ̀, àbíkẹ́yìn mi sì máa ń sín ṣáá tó bá ti jí. Ṣé kí n ra ọ̀dà tó dáa jùyẹn lọ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnira o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ọ̀dà kankan. Orí ebu lẹ kàn ń kun ọ̀dà sí, omi tó ń bọ́ ọ ṣì wà níbẹ̀. Gíláàsì tẹ́ ẹ ní ó ń laagun yẹn ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo ìgò omi tútù tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì, ara ẹ̀ á tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ ìgò ò jò, inú afẹ́fẹ́ lomi yẹn ti wá. Afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń gbé omi púpọ̀, tó bá ti kan ibi tó tutù á jọ̀wọ́ ẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù tó fara ti ògiri sì rèé, atẹ́gùn ò débẹ̀ rárá.

Omi ọ̀hún ń wá látinú èémí ẹ̀yin tẹ́ ẹ sùn, látinú ìwẹ̀, ìkòkò tó ń hó láìdé, àtèyí tọ́pọ̀ èèyàn kì í rò, aṣọ tútù tí wọ́n sá sínú ilé, gbogbo omi ara aṣọ yẹn, inú afẹ́fẹ́ yín ló ń lọ.

Ẹ wá ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní hygrometer, òun ló ń sọ ìwọ̀n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Láàárín 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ló dáa, kó má kọjá 60. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá kò parọ́, ẹ rọ iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ fi omi díẹ̀ pò ó kó ki, ẹ dì í pẹ̀lú ẹ̀rọ náà sínú ọ̀rá tí atẹ́gùn ò lè wọ̀, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú: 75 ló yẹ kó kà. Tó bá ka 70, ẹ mọ̀ pé ó ń fi 5 dín in, kẹ́ ẹ máa fi 5 kún ohun tó bá kà.

Ẹ fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri, ẹ máa dé ìkòkò, ẹ sá aṣọ síta. Ẹ ṣí wíńdò, àmọ́ kì í ṣe nígbà tójò ń rọ̀ o, torí omi lẹ máa gbà wọlé nígbà yẹn! Ẹ̀rọ amúlétutù náà máa ń fa ọ̀rinrin. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń tutù láìdáwọ́ dúró, ẹ yẹ páìpù àti òrùlé wò.

Ọṣẹ àti omi ni kẹ́ ẹ fi fọ ebu, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, kí ògiri gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó kun ún. Ẹ má po bílíìṣì mọ́ fínígà tàbí ammonia (kẹ́míkà tó máa ń wà nínú àwọn ohun ìfọ gíláàsì kan) láéláé, èéfín ẹ̀ lè ṣe yín léṣe gidi. Ohunkóhun tómi bá dà sí, ẹ rí i pé ó gbẹ kó tó pé wákàtí 24 sí 48, torí ebu ò ní pẹ́ jùyẹn lọ kó tó yọ.

Ní ti ọmọ, kòkòrò inú eruku bẹ́ẹ̀dì náà fẹ́ràn ọ̀rinrin, ó sì ń mú àwọn míì sín. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ sọ fún un pé ebu wà níbi tọ́mọ ń sùn, kí ọmọ sì ti máa sùn ní yàrá míì ná.