Ẹ Má Ju Òjé Sínú Táńkì Morris Bàbá Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá ẹnjiníà. Ọ̀fà ni mo ń gbé. Bàbá mi tó dolóògbé fi Morris Minor 1000 sílẹ̀ fún mi, mo sì fẹ́ kó padà sójú títì. Mẹkáníìkì kan sọ pé bẹntiróòlù ìsinsìnyí kò ní òjé nínú mọ́, pé ìyẹn ló ń ba ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jẹ́. Ó ní kí n ra òjé tí wọ́n yọ nínú bátìrì, kí n jù ú sínú táńkì, kí n sì máa fi kàfúrà mẹ́rin kún un nígbàkígbà tí mo bá ra epo. Báwo ni kí òjé náà ṣe wọ̀n tó?

Ìdáhùn: Ọmọ Ọlálọ̀mí, ẹ má jù ú sí i rárá. Bí ẹ bá ti jù ú sí i, ẹ má sítáàtì ọkọ̀ náà. Ẹ ní kí wọ́n fa epo inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n tú táńkì, kí wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa. Láti Gàá Akanbí dé Gánmọ ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè yìí, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi í gbowó lọ́wọ́ ọmọlọ́mọ.

Mẹkáníìkì yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àná ni epo yí padà. Ní ọdún 2001 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Dakar, tí wọ́n fẹnu kò láti yọ òjé kúrò nínú bẹntiróòlù. Nígbà tí 2006 fi wọlé, kò sí i mọ́ ní Nàìjíríà. Bí bàbá yín bá ṣì ń wa Morris yẹn lẹ́yìn ìgbà náà, epo tí kò lójé ló ń rà.

Òjé tí wọ́n ń pò mọ́ epo láyé ọjọ́un kì í ṣe èyí tí ẹ lè fọwọ́ mú. Kẹ́míkà olómi ni, tetraethyl lead lorúkọ rẹ̀. Thomas Midgley, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors, ló rí i ní 1921 pé kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa dún kọ́-kọ́-kọ́ bó bá ń fa ẹrù. Kẹ́míkà yẹn ń yòrò pátápátá nínú epo. Òjé bátìrì kò ní yòrò láéláé. Bí òkúta ìsàlẹ̀ odò Asà ni yóò jókòó sídìí táńkì, kò ní dé kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, áńbọ̀sìbọ́sí fáàfù, ìyẹn àwọn ìlẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde nínú ẹ́ńjìnnì. Ohun tí yóò dé ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ara rẹ̀, tí yóò dí fílítà. Ásíìdì bátìrì tó bá kù lára rẹ̀ yóò sì jẹ táńkì.

Ti ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ kéré. Ta ni yóò fi iná yọ́ òjé bátìrì náà, inú ilé wo ni yóò sì ti yọ́ ọ? Ní Zamfara ní 2010, òjé tó wà nínú eruku ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Òjé máa ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ayé fi lé e kúrò nínú epo. Algeria ló kẹ́yìn, ní 2021.

Kàfúrà ń yòrò ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáàbò bo fáàfù kankan. Bí epo bá gbẹ, ó lè padà di hóró, kó dí ojú ihò kábúrétọ̀.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì náà ṣá. Tọ́ọ̀pù sílíńdà Morris yín, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, irin ni. Ara irin yẹn gan-an ni wọ́n gé ìjókòó fáàfù sí, ibi tí fáàfù ń jókòó lé bó bá padé. Fáàfù tó ń tú èéfín jáde máa ń gbóná gidigidi, òjé àtijọ́ sì máa ń fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ìjókòó rẹ̀, kí irin méjèèjì má bàa lẹ̀ mọ́ra. Láìsí i, bí ẹ bá ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lọ́nà jíjìn, fáàfù yóò máa já ìjókòó yẹn jẹ díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa rì. Volkswagen ìjàpá àti Peugeot 504 kò ní wàhálà yìí, torí alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù tiwọn, òrùka irin líle ni wọ́n sì fi ṣe ìjókòó fáàfù inú rẹ̀. Ẹni tó bá ta oògùn tó ń rọ́pò òjé nínú epo fún oníjàpá, ó kàn jẹ owó rẹ̀ ni.

Tápẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ máa ṣọ́, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín fáàfù àti irin tó ń tì í ṣí. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.012 íǹṣì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí àlàfo fáàfù kan bá ń dínkù ṣáá lẹ́yìn tí ẹ ti tún un ṣe, ìjókòó rẹ̀ ń rì nìyẹn. Bí àlàfo bá tán pátápátá, fáàfù kò ní padé mọ́, agbára ọkọ̀ yóò lọ, fáàfù yóò sì jóná. Bí ẹ bá ti rí i pé ìjókòó ń rì ni kí ẹ tú tọ́ọ̀pù lọ fún oníléèdì tó mọṣẹ́, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, kó fi ìjókòó líle sí i. Ẹ má ṣe é ṣáájú o, torí bí wọ́n bá gé irin náà jù, wọ́n lè gé e wọ ibi tí omi ń gbà, tọ́ọ̀pù yóò sì bàjẹ́ pátápátá.

N kò tíì fojú rí ọkọ̀ yín. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí, nọ́ńbà tí mo kọ yìí lè má bá a mu, ẹ wo ìwé ọkọ̀. Ní ti ìrìn, Ọ̀fà sí Àjàṣẹ́-Ìpo jẹ́jẹ́ kò ní ṣe é ní nǹkan. Ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ délẹ̀ títí dé Èkó. Bó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́ lórí òkè, kí wọ́n dá táímíìn rẹ̀, ìyẹn àsìkò tí iná ń ṣẹ́ sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, padà díẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nípa ọkọ̀ tó ti dúró pẹ́ ni róbà tó ń gbé epo. Ó ti gbẹ, ó ti sán, epo yóò sì máa kán sórí irin gbígbóná. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra òjé, róbà tuntun ni kí ẹ fi rà. Kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìdí táńkì dé kábúrétọ̀, kí ẹ tó sítáàtì ọkọ̀ náà rárá.