Ìyáàlù wa ń sọnù nínú orin: kí la ó ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀dọ́ márùn-ún ni wá ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbí. A ní ìlù òyìnbó, gìtá béèsì, kíbọ́ọ̀dù, sásófóònù àti ìyáàlù dùndún. Krautrock, ìyẹn orin rọ́ọ̀kì àwọn ará Jámánì, jáàsì àti psychedelic, orin tó ń mú èèyàn dà bí ẹni tó ń lálàá, la fẹ́ pò pọ̀. Bí orin bá ti gùn díẹ̀ báyìí, a kì í gbọ́ ohun tí ìyáàlù ń wí mọ́. Ìyá onílé wa ní ariwo lásán ni. A ti fi èyí tí a gbà sílẹ̀ ránṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìgbìyànjú, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. Kò sí ohun tó ṣe ìyáàlù yín. Ẹni tó wà nídìí ìlù òyìnbó ló ń bá a du ọ̀rọ̀.

Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Ìṣáájú, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú a máa tẹnu mọ́ ohun kan náà, kí ìyáàlù lè rí ilẹ̀ tẹ̀. Àwọn ará Jámánì yẹn gba ọ̀nà tiwọn dé ibi tó jọ ọ́. Inú jáàsì tí olúkúlùkù ti ń ṣe bó ṣe wù ú ni Jaki Liebezeit ti wá, kó tó di onílù ẹgbẹ́ Can tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cologne ní 1968. Ibẹ̀ ló ti wá ń lu ohun kan náà láìyẹsẹ̀. Klaus Dinger ti ẹgbẹ́ Neu! pe irú ìlù bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tààrà tí kò lópin. Nítorí náà, kí onílù òyìnbó yín sọ ara rẹ̀ di gúdúgúdú. Tony Allen tó lùlù fún Fẹlá, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bá ara wọn fọ̀, ni mo fẹ́ràn jù nídìí ìlù yẹn láyé. Àmọ́ bí ẹ bá gbé irú ìlù tirẹ̀ sábẹ́ ìyáàlù, ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀ pọ̀ yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni gbohùngbohùn (echo), èyí tó ń dá ohùn padà, tí ẹ fi sí ìyáàlù. Ìlù kò ní ètè, kò ní ahọ́n. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ń wí tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú “Òṣogbo ìlú aró”: dò re re, dò mí, re mí. Bí “lú” bá tún padà dé nígbà tí ìlù ń wí “a”, mí ti gun orí re nìyẹn, “aró” kì í ṣe aró mọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Sásófóònù àti kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ da gbohùngbohùn sí, kó pọ̀ bó bá ṣe wù yín. Ibẹ̀ ni psychedelic yín yóò ti dùn.

Kí oníkíbọ́ọ̀dù má máa pààrọ̀ kọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà. Kó di ẹyọ kan mú pẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lu ìyáàlù láìfún ọ̀sán, okùn awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá ohùn tó súnmọ́ ọn jù lórí kíbọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni kí gbogbo yín jókòó sí. Awọ a máa rọ̀ lásìkò òjò, ẹ tún un yẹ̀ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Máìkì kò gbọdọ̀ wà lójú ọ̀nà kọ̀ǹgọ́.

Òṣogbo kì í ṣe àjèjì sí ohun tí ẹ ń ṣe. Láti ìlú yìí ni Dúró Ládiípọ̀ ti gbé eré rẹ̀ tòun tìlù dé Berlin ní 1964, kò sì fi ìlù náà pamọ́ sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ní ti gígùn, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn Can a máa lù títí, Holger Czukay tó ń ta gìtá béèsì wọn a wá gé téèpù, a mú ibi tó dára, a tò ó pọ̀. Ẹ fi fóònù gba ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ gé ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó dára jù mú nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìyá onílé yín, kí ẹ lù ú fún wọn, kí ẹ bi wọ́n pé kí ni ìyáàlù wí. Bí wọn kò bá lè sọ ọ́, ẹ dín kíbọ́ọ̀dù kù, kí ẹ tún lù ú.