Báwo ni mo ṣe lè ṣe ìpìlẹ̀ kọnkéré fún apá ìta ẹ̀rọ amúlétutù nílé mi ní Adó-Èkìtì?

Kọnkéré tí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 tó fún apá ìta amúlétutù ilé, bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá ti le dáadáa.

Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú tó wà lókè kúrò, nítorí ó máa ń rọ̀ bí òjò bá ti rọ̀ sí i, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, kí ẹ sì gún un títí yóò fi le. Bí ó bá jẹ́ orí àpáta ni ilé yín wà, bí ó ti rí ní àwọn apá kan Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, wàhálà yìí dín kù púpọ̀.

Ẹ po sìmẹ́ǹtì ìwọ̀n 1 mọ́ yanrìn 2 àti òkúta 4. Ẹ má jẹ́ kí omi pọ̀ jù, nítorí ó ń gba agbára kọnkéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn bíríkìlà kan fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó rọrùn láti tẹ́. Kí ojú rẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ, kí ó má sì lẹ̀ mọ́ ògiri, kí gbígbọ̀n ẹ̀rọ má baà wọ inú yàrá.

Ẹ máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ọjọ́ 28 ni a fi ń wọn agbára kọnkéré, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò wúwo bí èyí lè gorí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.