Kẹ́ ẹ tó sanwó sítúdíò fún àbúrò yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àbúrò yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn ju orin lọ, pé James Brown, olórin ará Amẹ́ríkà nì, náà ṣẹ̀wọ̀n kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, kẹ́ ẹ sì sanwó sítúdíò fún òun. Irú ilé yẹn lèmi náà ti jáde kí n tó máa fi orin jẹun. Ẹ má tíì yọ owó kankan.

Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ó fo ibi tó ṣe pàtàkì. Ilé aṣẹ́wó tí àǹtí rẹ̀ ń bójú tó ní Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni James Brown dàgbà sí. Ó ń nu bàtà, ó ń jó fáwọn sójà kí wọ́n lè ju owó sí i. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n nítorí olè. Ó ń kọrin níbẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn kọ́ ló ṣílẹ̀kùn fún un lọ́dún 1952. Ìdílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bobby Byrd, ní ìlú Toccoa, ló dúró fún un. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ní ó gbọ́dọ̀ níṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ padà sí Augusta. Inú ẹgbẹ́ akọrin Byrd ló wọ̀. Ọdún 1956 ni àwo wọn àkọ́kọ́ tó jáde.

Bó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn. Onígìtá kan tí kì í ṣe ẹbí mi ló gbà mí sílé. Ó ní kí n máa tètè dé ibi ìdánrawò, kí n máa gbé ẹ̀rọ, kí n má sì jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ mọ ojúlé òun. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló le jù. Ebi ṣeé fara dà. Kí ẹni tẹ́ ẹ jọ jìyà máa pè yín, kẹ́ ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ìyẹn ò rọrùn rárá. Ó pẹ́ kí ọ̀gá yẹn tó gbé máìkì lé mi lọ́wọ́, ègbè ni mo sì kọ́kọ́ ń gbè. Ká ní sítúdíò ni wọ́n san fún mi lọ́sẹ̀ tí mo jáde, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yẹn kan náà ni ǹ bá gbé àwo náà lọ.

Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé lẹ́yìn àwo àkọ́kọ́ tó tà yẹn, ọ̀pọ̀ ni James Brown ṣe tí kò tà, títí di 1958. Nígbà tó sì fẹ́ ká eré rẹ̀ ní Apollo, gbọ̀ngàn eré kan ní New York, sílẹ̀ lọ́dún 1962, ilé iṣẹ́ àwo rẹ̀ kọ̀. Owó ara rẹ̀ ló ná. (Ó tún padà sẹ́wọ̀n lọ́dún 1988, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi ìyẹn pa mọ́ fún un.)

Bẹ́ ẹ bá mọ olórí ẹgbẹ́ akọrin kan, ẹ mú un lọ bá a, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tí ọmọ náà ti ń bọ̀ fún olórí yẹn fúnra yín, kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Bí ọmọ náà bá gbé ẹ̀rọ fún oṣù mélòó kan láìkùn, ẹ padà wá bá mi. Mo mọ àwọn onísítúdíò tí kì í jẹ owó ọmọ ọlọ́mọ.